Iye Hóró Tí Bíríkìlà Kò Fẹ́ Sọ

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ bíríkìlà. Àbúrò mi, tẹ́tí sílẹ̀, nítorí n kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí nǹkan ń tètè yà lẹ́nu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí yà mí lẹ́nu, ó sì bà mí lẹ́rù. Títí di òní olónìí, ara mi máa ń bù máṣọ tí mo bá rántí rẹ̀.

Bíríkìlà yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ògiri tó bá mọ máa ń tọ́ ṣánṣán, onílé kì í sì í pè é padà pé ilé òun sán. Kì í mutí, kì í fa sìgá, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta, Morónkẹ́ ni àkọ́bí. Ìyá rẹ̀ tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nínú yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe fẹ́ràn ìyá yìí tó. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bá a gbé omi ìwẹ̀, òun ló ń bá a gé èékánná ẹsẹ̀. Tí o bá béèrè ní ìlú náà pé ọmọ wo ló mọ ìyá rẹ̀ í tọ́jú, ilé bíríkìlà ni wọn yóò júwe fún ọ.

Ní ọdún kan, àkàsọ̀ yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó já lulẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ba òkìtì búlọ́ọ̀kù. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ya fọ́tò egungun rẹ̀, ó ní egungun kankan kò ṣẹ́, ẹran ara ló fara pa. Ó wá kọ oògùn ìrora kan fún un sórí ìwé. Hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ méje péré. Ó kìlọ̀ fún un pé oògùn náà lágbára, pé tí ọjọ́ méje bá ti pé, kó padà wá kí òun tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn tó ń ro ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn nìkan kọ́ ló dákẹ́ o. Àárẹ̀ ogún ọdún tó fi ń po sìmẹ́ńtì, ariwo àwọn onílé, àníyàn lórí ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun kò sinmi tó bẹ́ẹ̀ rí. N kò dá a lẹ́bi fún ìyẹn. Ta ni kò fẹ́ sinmi?

Ọjọ́ méje pé. Kò padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó mú ìwé náà, ó gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì lọ. Oníkẹ́míìsì wo ọwọ́ ìwé dókítà, ó sì tà fún un. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ. Nígbà tó yá, ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya níbi tó ti ń ká a. Wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé níwájú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun fi ọ̀rá bò ó, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rá bo ìwé-ẹ̀rí. Wọ́n bò ó, ó ń dán. Ó gbé e sínú fáìlì kan náà tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ wà. Ìwé ọjọ́ méje, àbúrò mi! Ó fi ọ̀rá bò ó kó lè bá a dalẹ́. Èmi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Lójú tirẹ̀, kò sí láburú níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní gáréèjì ìlú náà tí wọ́n máa ń gbé oògùn mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, tí wọ́n á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ láàárín ọ̀nà. Tí bíríkìlà bá ń kọjá níwájú wọn, á pòṣé. Á ní ó mà ṣe fún àwọn òbí wọn o. Tirẹ̀ ńkọ́? Tirẹ̀ kì í ṣe oògùn ìta. Dókítà ló kọ ọ́, ó ní ìwé, ìwé sì wà nínú ọ̀rá. Bó ṣe ń gbé e mì ló ń dá ara rẹ̀ láre.

Hóró kan kò ràn án mọ́, ó di méjì. Méjì kò ràn án mọ́, ó di mẹ́rin. Tí àkókò bá lé díẹ̀ tí kò tíì lò ó, òógùn á bò ó, imú rẹ̀ á máa ṣomi, inú á máa lọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé kò ní lè di irinṣẹ́ mú. Á ní ẹ̀yìn òun ló tún dé. Á gbé oògùn mì, gbogbo rẹ̀ á sì lọ. Á wá sọ fún ara rẹ̀ pé ṣé o rí i báyìí, àìsàn yìí ṣì wà lára mi. Háà. Oògùn fúnra rẹ̀ ló ń dá àìsàn náà sílẹ̀, òun náà ló tún ń wò ó, ọkùnrin náà kò sì mọ̀. Ọdún méjì gbáko ló fi wà bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ rí i. Obìnrin náà kì í ṣe afọ́jú. Ó rí i pé ọkọ òun ń sùn lórí àga kí oúnjẹ tó délẹ̀, ó ń họra kiri, ọ̀rọ̀ kékeré sì lè mú un jágbe mọ́ àwọn ọmọ. Ó bi í, ọkọ ní ẹ̀yìn ni. Ó tún bi í, ó bínú. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àjíǹde, obìnrin náà kúnlẹ̀ fún un, ó ní nítorí Ọlọ́run, kó jáwọ́. Bíríkìlà fọwọ́ lé Bíbélì, ó búra pé òun ti jáwọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kó oògùn náà pamọ́ sínú agolo mílíìkì tó ṣófo, nísàlẹ̀ àpò irinṣẹ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ìyàwó kì í dé.

Ìgbà òjò dé. Òtútù wọ orúnkún ìyá arúgbó náà, ó di pé kò lè dìde lórí ibùsùn láìkérora. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dé ẹnu ọ̀nà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ìyàwó gbé ata lọ sí ẹ̀rọ. Bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ lo tirẹ̀ tán, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kérora nínú yàrá. Àánú ṣe é.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe níbí. Oògùn dà bí iyọ̀ láàárín wa, ẹni tó ní a máa bù fún ẹni tí kò ní. Ẹni tó bá ní oògùn tó ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, tí kò fún aládùúgbò rẹ̀ tó ń kérora, ìkà la ó pè é. A kì í béèrè ọjọ́ orí, a kì í béèrè irú àìsàn. A ó kàn sọ pé ó ti ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ rí, èyí ni mo lò, ọ̀rọ̀ ti parí. Bíríkìlà ṣí agolo, ó mú hóró méjì jáde. Ó rò pé òun ṣe é níwọ̀n, nítorí méjì kò tó nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́. Ó ní, “Màmá, ẹ lo èyí. Oògùn dókítà ni.” Kí ìyá náà tó gbé e mì, ó gbàdúrà fún un. Ó ní bó ṣe ń tọ́jú òun yìí, àwọn ọmọ tirẹ̀ náà á tọ́jú rẹ̀. Bíríkìlà ṣe àmín, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ síbi iṣẹ́.

Kó tó di ọ̀sán, ìyàwó pè é lórí fóònù. Ó ní kó máa bọ̀ kíákíá, Màmá ń sùn, òun jí i, kò jí.

Nígbà tó délé, ètè ìyá rẹ̀ ti ṣú. Á mí lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Á dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n á rò pé ó ti parí, á wá tún mí, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò aládùúgbò kan, wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tí kò jìnnà sílé.

Dókítà kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, àti nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Dókítà gbọ́ àyà ìyá, ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. Ó ní ó jọ rọpárọsẹ̀. Ó bi àwọn tó gbé e wá bóyá Màmá lo oògùn kankan láàárọ̀ yẹn. Ìyàwó ní kò lo nǹkan kan ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò lójoojúmọ́. Dókítà wo bíríkìlà. Bíríkìlà ní bẹ́ẹ̀ ni, kò lo nǹkan mìíràn.

Ó ní kò lo nǹkan mìíràn! Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí n mí díẹ̀. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyá rẹ̀ ń kú lọ níwájú rẹ̀, ó dúró, ó ń purọ́.

Má tètè dá a lẹ́jọ́ ṣá. Wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé kì í ṣe oògùn náà ló ń ṣe ìyá òun. Méjì? Méjì tí òun fi ń lajú kí òun tó mu ẹ̀kọ? Ara rẹ̀ ti jẹ́ kó gbàgbé ohun tí méjì lè ṣe lára ẹlòmíràn. Èyí tó tún wá burú ni pé ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, èjìká wọn kanra. Tó bá la ẹnu, obìnrin náà á mọ̀ pé irọ́ ló búra lé lórí. Ìtìjú di ahọ́n rẹ̀ mú. Mo ti rí ìtìjú tó ṣe ohun púpọ̀ láyé, n kò tíì rí èyí tó fẹ́ fi ìyá rúbọ bẹ́ẹ̀.

Dókítà ní kí wọ́n gbé ìyá padà sínú mọ́tò tó gbé wọn wá, kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú kejì. Ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì àgbà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó ń wo aago, ó ń ka èémí ìyá. Ó ní mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Ó ka ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e, ó ní mẹ́ta.

Ó wá sọ fún dókítà pé òun ti rí irú ojú yìí rí, tí ọmọlójú kéré bí orí abẹ́rẹ́, lára àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń gbé wá láti gáréèjì. Dókítà mi orí. Ó ní ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún, níbo ló ti fẹ́ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn. Ó yíjú sí bíríkìlà, ó sì rọra bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Bàbá Morónkẹ́, abẹ́rẹ́ kan wà tó lè jí i, tó bá jẹ́ ohun tí mò ń rò ni. Kò sí níbí, ó wà ní ilé ìwòsàn mìíràn lókè ọ̀hún, àmọ́ dókítà kò sí níbẹ̀ lónìí. Mọ́tò kan ṣoṣo la ní. Bóyá kó sáré lọ mú abẹ́rẹ́ wá, bóyá kó gbé Màmá lọ sí ìlú kejì. Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tó yẹ ká ṣe.”

Ìyàwó yíjú, ó wo ọkọ rẹ̀. Bíríkìlà wo ìyá rẹ̀. Èémí kan wọlé, ó jáde. Ó dúró de èyí tó tẹ̀ lé e. Kò dé. Ó dúró. Kò tíì dé.

“Èmi ni mo fún un,” ó ní. “Hóró méjì. Tèmi ni. N kò fìgbà kan jáwọ́.”

Kò sẹ́ni tó bú u. Àyè kò sí. Dókítà kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà sórí ìwé, aládùúgbò tó ni mọ́tò gbà á, ó sáré jáde. Nọ́ọ̀sì gbé rọ́bà ìmí lé ìyá lẹ́nu, ó ń fún afẹ́fẹ́ sí i nínú. Ìyàwó di ẹsẹ̀ ìyá mú, ó ń gbàdúrà, kò wo ọkọ rẹ̀ rárá. Ogún ìṣẹ́jú ni ọkùnrin onímọ́tò fi lọ tó fi bọ̀. Bíríkìlà sọ fún mi pé ogún ìṣẹ́jú yẹn gùn ju ọdún méjì tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Wọ́n fún ìyá ní abẹ́rẹ́. Kò pẹ́ rárá tó fi mí èémí ńlá kan, ó lajú, ó wo gbogbo wọn bí ẹni tí wọ́n da oorun rẹ̀ rú. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé orúnkún ń dun òun. Ìyàwó bú sẹ́kún. Bíríkìlà dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, kò lè dìde.

Dókítà fà á sórí àga. Ó ní Màmá á sùn sọ́dọ̀ àwọn kí àwọn lè máa ṣọ́ ọ, nítorí abẹ́rẹ́ lè tán lára rẹ̀ kí oògùn tó tán. Ó wá bi í léèrè, “Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, sà? Mélòó lẹ ń lò lójúmọ́?”

Bíríkìlà fẹ́ sọ pé méjì. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ìyá òun ń wo òun.

“Mẹ́rìnlá,” ó ní.

Dókítà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ìyàwó káwọ́ lérí. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, tó rò pé òun ti rí ohun gbogbo, wá ibi kan jókòó sí. Méjì ló fẹ́ gbé ìyá lọ. Mẹ́rìnlá ni ọmọ fi ń rìn kiri ìgboro, ó fi ń gun òkè ilé, ó fi ń kọ́ ibi tí ọmọ aráyé yóò sùn sí. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, n kò mọ bí ènìyàn ṣe lè gbọ́ ọ kí àyà rẹ̀ má já.

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò lágbára. “Àjàgbé ọmọ mi, báwo lo ṣe wá ṣì wà láàyè?”

Ẹni tó ti fi ọdún méjì dá ara rẹ̀ láre, ó wá gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Àwọn mìíràn á parí ìtàn náà síbẹ̀. Wọn á ní ó sunkún, ó ronú pìwà dà, ó bọ́. Irọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé kí àwọn jọ ṣètò bí yóò ṣe kúrò lórí oògùn náà. Bíríkìlà kò dúró de ọjọ́ Ajé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé náà, ó da gbogbo oògùn inú agolo sínú ṣáláńgá, ó gé ìwé ọlọ́ràá wẹ́wẹ́, ó dà á tẹ̀ lé e. Ó ní ìyà tó bá jẹ òun, ó tọ́ sí òun. Agídí lásán ni, àmọ́ ìrònúpìwàdà ló pè é.

Ní ọjọ́ Àìkú, ara bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Òógùn ń bò ó, ó ń bì, inú ń ṣí i, gbogbo eegun ń ro ó débi pé aṣọ tó wọ̀ ń dùn ún lára. Ó ń sunkún láìmọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé tó yẹ kó lọ rí dókítà, ìyàwó bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ bàtà òdì sẹ́sẹ̀, ó ń lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Kò ní ìwé mọ́, ó ní òun á bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà kò jà, kò pariwo. Ó tilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ há àyà, ó pe nọ́ọ̀sì àgbà. Nọ́ọ̀sì gun ọ̀kadà, ó dé.

Ó bá bíríkìlà lórí ilẹ̀ pálọ̀, ó ká jọ. Ó fún un lómi. Ó wá bi í ní ohun tí kò retí, pé tí ẹ̀yin bíríkìlà bá da kọnkéré dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìgbà wo lẹ máa ń yọ àwọn ọparun tó gbé e ró nísàlẹ̀?

Àìsàn kò mú kó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì ní tí ènìyàn bá wá fa gbogbo rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan náà kí ọjọ́ tó pé ńkọ́? Inú bí i. Ó ní ta ló jẹ́ dán an wò, dẹ́kìn á wó pa èèyàn. Ó ní àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó yọ ìlà kan, a ó wo òkè bóyá ó sán, a ó fún un láyè díẹ̀ kí a tó yọ ìlà kejì. Nọ́ọ̀sì tún bi í bóyá ó mọ onílé tó fi ọparun sílẹ̀ ní pálọ̀, tó kó ẹrù wọlé, tó ń yà fún ọparun lójoojúmọ́ kó tó dé ibi àga rẹ̀. Bíríkìlà ní kò sí irú ẹ̀, àfi tí orí onílé náà bá dàrú.

Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó gbọ́ ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

“Ọjọ́ méje ni dókítà fún ọparun yín,” ó ní. “Ẹ kó wọlé tọ̀ ọ́, ẹ bá a gbé fún ọdún méjì. Ẹ wá ní lọ́jọ́ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fa gbogbo rẹ̀ yọ.”

Bíríkìlà jẹ́ kí wọ́n tún bàtà wọ̀ fún òun, ó sì bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ṣètò rẹ̀ fún un. Ìyàwó ni yóò máa tọ́jú oògùn náà, dókítà ni yóò máa dín in kù, díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Wọ́n tún wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na ara láàárọ̀ àti bí yóò ṣe máa gbé ẹrù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dín in kù, ara rẹ̀ á jà fún ọjọ́ mélòó kan, á wá gbà. N kò ní parọ́ fún ọ pé ó rọrùn.

Ìyá náà sì dá àṣà kan sílẹ̀. Tí ọmọ rẹ̀ bá ti dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, kò ní sọ pé dìde títí yóò fi sọ iye tó lò lánàá. Mélòó, Àjàgbé? Méjìlá, Màmá. Mélòó? Mẹ́wàá. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé mẹ́fà. Nígbà tó dé mẹ́fà, onílé kan fi ọ̀rọ̀ wọ́ ọ nílẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, bíríkìlà kò gba ilé, ó gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì kan ní àdúgbò tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ó ra mẹ́rin, ó gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mì lójú ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ bi í. Ó lè sọ pé mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó rí i. Ìyàwó pàápàá, mẹ́fà ló mọ̀. Ó pẹ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀ débi pé ìyá rẹ̀ rò pé ẹ̀yìn ló tún dá a dúró. Ó ní, “Mẹ́wàá, Màmá.” Ìyá náà kò sunkún, kò sì gbé e ṣépè. Ó pe ìyàwó, ó ní kí wọ́n múra, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Oṣù mẹ́rìnlá ló gbà kí iye náà tó di òfo. Àwọn ènìyàn máa ń ka ọjọ́ tó di òfo yẹn sí ọjọ́ tó bọ́. Èmi kò gbà. Ọjọ́ tó sọ mẹ́wàá, tí ó lè sọ mẹ́fà, ọjọ́ yẹn ló bọ́.

Àbúrò mi, ìdí tí mo fi sọ èyí fún ọ rèé. Nígbà tí o wọlé lẹ́ẹ̀kan, o béèrè bóyá oògùn tí dókítà fún mi fún ìbàdí mi ṣì kù. O ní kí n bùn ọ́ ní méjì péré, pé tìrẹ ló tán, oníkẹ́míìsì sì ti lọ sí òde. Ẹ̀rín lo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ rẹ lára ife omi tí mo gbé fún ọ, omi náà ń dà sórí ṣòkòtò rẹ. N kò ní fún ọ ní hóró kan. Pè mí ní ìkà tó bá wù ọ́.

Má sì lọ fi agídí dá a dúró lónìí, nítorí o ti gbọ́ ohun tí agídí ń ṣe. Lọ́la, èmi fúnra mi á bá ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà, n óò sì jókòó níbẹ̀ títí ẹ óò fi ṣe tán. Àmọ́ dókítà kò lè fi irọ́ ṣe ìṣirò. Iye tí o bá pè fún un ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, tí o bá sì pè é kéré, orí rẹ ni dẹ́kìn ń wó sí.

Ìyàwó rẹ wà níta, lábẹ́ igi máńgòrò. Òun ló pè mí láàárọ̀ yìí, ẹkún kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. N óò ní kó wọlé báyìí. Tó bá jókòó, má sọ nǹkan kan fún wa nípa ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́, má sọ pé dókítà ló kọ ọ́. Iye rẹ̀ nìkan la fẹ́ gbọ́. Mélòó?